Kí ni àwọn kóòṣì yunifásítì Amẹ́ríkà ń wò lára ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìpínlẹ̀ Maryland ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹwàá, òun ló sì gbá góòlù wọlé jù nílé-ẹ̀kọ́ wọn lọ́dún yìí. Mo ti kọ ímeèlì sí ọ̀pọ̀ kóòṣì yunifásítì, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kí ọkàn yín tó rẹ̀wẹ̀sì, ẹ mọ̀ pé òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì, kò gba kóòṣì Division I (ìpele tó ga jù) láyè láti bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa gbígbà á sẹ́gbẹ́ títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, lẹ́yìn tó bá parí kíláàsì kẹwàá. Wọ́n lè ka ímeèlì yín, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n irú nǹkan bí ìwé ìpolówó káàmpù tàbí fọ́ọ̀mù ìbéèrè ni wọ́n lè fi ránṣẹ́. (Ìwé káàmpù yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, ẹ má kà á sí ìlérí.)

Ní ti góòlù, iye tí ọmọ gbá wọlé nílé-ẹ̀kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wú kóòṣì lórí, nítorí kò mọ irú àwọn tó gbá a sí. Ìgbà ìwọ́wé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gbá bọ́ọ̀lù ní Maryland gan-an ni yunifásítì náà wà lẹ́nu ìdíje tiwọn, nítorí náà ìdíje àwọn kíláàbù, bíi ti MLS NEXT àti ECNL (líìgì àwọn ọ̀dọ́), ni wọ́n máa ń lọ wò jù.

Tí kóòṣì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọmọ ló ń wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ǹjẹ́ ó máa ń yíjú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀? Tó bá gbà á, ṣé ibi tó láyè ló ń gbé e lọ, àbí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà? Bí wọ́n bá já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣé yóò sáré padà ni, àbí yóò na ọwọ́ sí rẹfirí? Wọ́n tún ń wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, àti bó ṣe ń dá òbí rẹ̀ lóhùn lẹ́yìn eré. Lójú tèmi, èyí ju eré sísá lọ.

Síbẹ̀, ọmọ lè ní gbogbo èyí kí wọ́n má mú un, nítorí ẹni tí yóò dí àyè kan pàtó ní ọdún kan pàtó ni kóòṣì ń wá. Láti ọdún 2025, àwọn yunifásítì Division I tó wọ àdéhùn tuntun lórí sísan owó fún àwọn eléré ìdárayá kò lè ní ju agbábọ́ọ̀lù 28 lọ, àwọn àgbà tó ń ti yunifásítì mìíràn tàbí òkè òkun wá sì ń dí àyè. Ẹ kọ̀wé sí Division II àti NAIA (àjọ eré ìdárayá yunifásítì mìíràn) pẹ̀lú, tí àwọn náà ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Division III kì í fúnni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ranni lọ́wọ́ nítorí ìwé tàbí àìlówó. Yale náà kì í fúnni nítorí bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ ibẹ̀ ni Michelle Alozie ti Super Falcons ti gbá bọ́ọ̀lù.

Ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Division I ń béèrè iṣẹ́ kíláàsì pàtàkì 16 pẹ̀lú GPA (ìpíndọ́gba máàkì) 2.3, ó kéré tán, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa kọ ímeèlì, nítorí òun ni kóòṣì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ó kọ ọdún tí yóò jáde, ipò tó ń gbá, máàkì rẹ̀, àti ọjọ́ àti pápá tí yóò ti gbá eré tó ń bọ̀. Kí fídíò rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí èyí tó dára jù ṣáájú, kí ó sì fi àmì sí ara rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀. Bí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà bá kọjá, tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí i tí kóòṣì kan kò sì fèsì, kí ó kọjú sí yunifásítì mìíràn.