Àbúrò tó ń wá iye èèyàn Ikotun-Igando, má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí báǹkì

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ láàárọ̀ yìí kí n tó jáde nílé. O ní báǹkì ní kí o mú iye èèyàn àti iye ilé tó wà ní Ikotun-Igando wá kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn lórí owó tí o fẹ́ fi ṣí kẹ́mísì, o sì ní o ti rí 1,277,714 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí o lò ó. Má lò ó o. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà yẹn ti fojú mi rí màbo rí.

1,277,714 yẹn, iye èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho lódindi ni, nínú sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2006. LCDA tiyín, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè tí ìjọba ìpínlẹ̀ gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀, kàn wà nínú ẹ̀ ni, òun pẹ̀lú Ayobo-Ipaja, Egbe-Idimu, Agbado/Oke-Odo, Mosan-Okunola àti Alimosho fúnra ẹ̀ tó kù. Ìjọba Èkó ló dá LCDA 37 sílẹ̀ ní 2003, àmọ́ 774 ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, 20 péré ló kan Èkó níbẹ̀, 774 yẹn sì ni àwọn tó ń ka èèyàn mọ̀. Tí o bá wá a títí di ọdún tó ń bọ̀, o ò ní rí ìwé sẹ́ńsọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ Ikotun-Igando sí, kì í ṣe pé o ò mọ nǹkan wá.

Ká ní ẹnì kan jókòó sọ èyí fún mi ní 2024 ni, ì bá dín ìyà mi kù. Èmi ni sẹ́kítárì ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, a fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n bá wa kọ́ ilé ìwòsàn kékeré, torí kọ̀rọ̀pé méjì ni aboyún ń wọ̀ kó tó dé èyí tó súnmọ́ wa. Wọ́n ní kí a kọ iye èèyàn àdúgbò sínú ìwé. Mo ní kí lèyí, mo gba ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ lọ. Ọjọ́ kìíní, ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ mú lẹ́tà wá, mo mú lẹ́tà lọ, wọ́n ní orúkọ ọ̀gá tí mo kọ sí i kọ́ ló yẹ kí n kọ. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ní kò síná. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà, kò gbójú sókè wò mí rárá, ó kàn ní "Bàbá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè," bíi pé mò ń tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ̀. Àfi bí ẹni pé bàbá wọn ló ni nọ́ńbà náà, owó orí wa kọ́ ni wọ́n fi kà á.

Nígbà tí wọ́n máa fún mi ní nǹkan, fótókọ́pì ewé ìwé méjì ni, wọ́n ti gé orí ẹ̀ dànù, 3 ń jọ 8, wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi, kò sí rìsíìtì. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà bó ṣe wà, 1,277,714 yẹn ni mo pè ní iye àdúgbò wa. A dé ibi ìpàdé, ọmọkùnrin kan tó gbé laptop síwájú wá ní, "Sẹ́kítárì, ṣé àwọn ará Ipaja náà máa wá gba abẹ́rẹ́ ládùúgbò yín ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò tán síbẹ̀ o, ó tún ní iye Èkó tí mo kọ sí ojú ewé kìíní jẹ́ 9,113,605, èyí tó wà lójú ewé kejì jẹ́ 9,013,534, ó ní èwo ni ká gbà. Mi ò mọ èyí tí mo lè sọ. Mo rò pé ẹ̀rọ fótókọ́pì ló ṣe é. Alága wa wò mí títí a fi délé, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín tán ni mo wá mọ̀ pé nọ́ńbà méjèèjì ló wà lóòótọ́. Tí wọ́n bá ka èèyàn tán, wọ́n á kọ́kọ́ gbé iye onígbà díẹ̀ jáde, ìyẹn ni 9,013,534 ti Èkó àti 140,003,542 ti Nàìjíríà lódindi, tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò tán wọ́n á gbé èyí tó gbẹ̀yìn jáde, 9,113,605 àti 140,431,790. Àwọn tó ń kó nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ ìyàtọ̀, èyí tó bá ti wá sọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Torí náà, tí o bá rí iye èèyàn ibì kan, wo iye Nàìjíríà tó wà nínú ìwé kan náà, tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 140.4 mílíọ̀nù, o wà lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 140.0, gbé e sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tiẹ̀ tún wà. Ìjọba Èkó náà ka èèyàn tiwọn ní 2006, wọ́n ní àwọn jẹ́ 17,552,942, wọ́n sì ní Alimosho nìkan jẹ́ 2,047,026. Ìjọba àpapọ̀ ò gbà á. Èmi ò mọ ẹni tó ń purọ́ nínú wọn, mi ò sì fẹ́ dá sí i, ohun tí mo mọ̀ ni pé kí o má mú Alimosho látinú ti Èkó kí o wá fi pín Èkó látinú ti àpapọ̀. Mú ọ̀kan, kọ orúkọ ìwé tí o ti mú un àti ọdún ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Ọdún náà ti pẹ́ jù, báǹkì á sọ bẹ́ẹ̀. Òun la ní. Èyí tí wọ́n ní àwọn máa kà ní ọjọ́ 3 sí 7 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n sún un síwájú. Torí náà o máa ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni wọ́n ń lò, ìyẹn bí Nàìjíríà ṣe pọ̀ sí i láàárín 1991 sí 2006. Ibí yìí ni ọmọ mi tó wà ní SS2 ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́ kejì. Mo ti ṣí kakulétọ̀ fóònù, mo fi 3.2 lu 18, ìyẹn iye ọdún láti 2006 dé 2024, mo fi ohun tó jáde, ìdá 57.6 nínú ọgọ́rùn-ún, kún Alimosho, ó fún mi ní 2,013,677. Ó ní "Dádì, èlé lórí èlé ni, àwọn ọmọ tí wọ́n bí náà ń bímọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. 1.032 lo máa fi lu ara ẹ̀ lọ́nà 18, kó tó wá di pé o fi lu 1,277,714, á fún ẹ ní nǹkan bíi 2,252,500. Wo ìyàtọ̀ ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 239,000 èèyàn. Tèmi tó jẹ́ ti 2024 ò tiẹ̀ tó iye tí Èkó ní àwọn kà ní Alimosho ní 2006, ojú ì bá tún tì mí.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ pé sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2006 sọ iye Yorùbá, iye Ìgbò, iye Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Wọn ò béèrè ẹ̀yà, wọn ò béèrè ẹ̀sìn lọ́dún náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún ẹ, irọ́ ló ń pa. Káàdì ìdìbò náà kì í ṣe iye èèyàn, àwọn ọmọdé ò ní in, àwọn ọmọdé náà ló sì ń lo oògùn ibà jù.

Mo ti fẹ́ gbàgbé pé o béèrè ilé. Bi báǹkì dáadáa, ṣé ilé ni àbí ìdílé? Àwọn elétò ìkànìyàn ń ka àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà sí ìdílé kan. Nọ́ńbà 14 ládùúgbò wa, yàrá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, márùn-ún dojú kọ márùn-ún, pọ́m̀pù kan, ilé ìyàgbẹ́ méjì lẹ́yìn. Tí o bá ń ka ilé, ẹyọ kan ni. Tí o bá ń ka ìdílé, mẹ́jọ ni, torí ọkùnrin kan ló ni yàrá kẹta àti ìkẹrin, ìyá kan náà ló ń se oúnjẹ fún wọn, yàrá kẹsàn-án sì jẹ́ stóòrù ìyá onírẹsì, ẹnikẹ́ni ò sùn síbẹ̀. Ilé tó wà lódìkejì, ilé alájà méjì ńlá kan ni, bàbá àti ìyá àgbà méjì péré ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn wà ní London. Ta ni máa ra oògùn lọ́wọ́ ẹ jù nínú àwọn méjèèjì? Nàìjíríà lódindi, ìdílé tí wọ́n kà ní 2006 lé ní mílíọ̀nù 28, tí o bá pín in, ó jẹ́ èèyàn márùn-ún sí ìdílé kan.

Ọ̀rọ̀ òrùlé, ògiri, omi, iná àti ilé ìyàgbẹ́ wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Priority Tables ti 2006, wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà á sílẹ̀, shíkẹ́nà. Tó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n fi ṣe PDF ẹ̀, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel kí o sì ròó pọ̀, tí àròpọ̀ ẹ̀ ò bá bá tìwé mu, o ti ka 3 sí 8 níbì kan. Ìwé ọ́fíìsì ìṣirò Èkó náà wà. Fún àdúgbò kékeré, wo GRID3, àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń fojú bu iye èèyàn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ pé ìfojúbù ni, má kọ ọ́ pé kíkà ni.

Àwa, ní ìgbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ la fi kà á. Èmi àtàwọn ọmọ méjì, ìwé àjákọ kan, ọ̀sán Sunday mẹ́ta, ojú pópó mẹ́rin, ilé dé ilé. Àwọn kan rò pé owó iná la wá gbà, wọ́n sá wọlé. Ìwé kejì tí a fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, wọ́n tiẹ̀ ti ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí.

Ohun tí n bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ nìyẹn. Kọ Alimosho sókè pẹ̀lú ọdún ẹ̀, sọ fún báǹkì bí o ṣe ṣírò ẹ̀, kí o wá fi ẹsẹ̀ ka ìdílé tó wà ní ojú pópó tí wọ́n ti lè rìn wá bá ẹ. Bí o bá ṣe ń kà wọ́n lọ, ka àwọn kẹ́mísì tó ti wà níbẹ̀ náà, torí báǹkì ò ní bi ẹ́ ní ìyẹn, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló wà ní òpópó tèmi nìkan.