Ṣé kí wọ́n bá wọn parí ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. JSS 1 lọmọ mi ọkùnrin wà. Ó ti tó oṣù kan tí ọmọ JSS 3 kan ti ń gbowó oúnjẹ ẹ̀ ní bíréèkì, tó ń pè é ní "Elétí Ehoro" lójú ẹgbẹ́. Olùdámọ̀ràn iléèwé ní kí àwọn méjèèjì wá jókòó lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kóun bá wọn parí ẹ̀. Ọmọ mi ò fẹ́ lọ. Ṣé kí n fi dandan lé e? — Ìyá ọmọ, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má fi dandan lé e o. Olùdámọ̀ràn ò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. A ti mọ̀ ọ́n lára pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ìjà là ń parí. Ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí wọ́n ń du bọ́ọ̀lù, ìlàjà tọ́ sí wọn. Dan Olweus, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Bergen lórílẹ̀-èdè Norway, sọ ohun mẹ́ta tá a fi ń dá ìfòòró mọ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, agbára wọn ò sì dọ́gba. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Kò sí àgbedeméjì láàárín ẹni tó ń gbowó àti ẹni tí wọ́n ń gbowó ẹ̀.

Bí wọ́n bá jókòó, èyí ẹ̀gbọ́n á wojú èyí àbúrò lẹ́ẹ̀kan péré, àgbà tó wà níbẹ̀ lè má rí i. Ọmọ yín á wolẹ̀, á ní "ó ti tán, mà." Wọ́n á bọra lọ́wọ́. Tó bá dọ̀nà ilé, á jìyà ẹjọ́ tó fi sùn.

Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́: ọjọ́, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye owó, ọ̀rọ̀ gan-an tí wọ́n sọ, àwọn tó ń wò. "Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu" ò tó. "₦200, ẹ̀yìn kíláàsì, bíréèkì ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ méjì ń wò" ni púrínsípà lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà kí wọ́n gbọ́ tọmọ kejì náà, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọmọ yín kọ́kọ́, àwọn tó rí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá pe onítọ̀hún lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má baà ráyè pa ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ má lọ bá òbí ẹ̀ nílé. Ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n nà án. Ọmọ yín ló máa gba ẹ̀san ẹgba yẹn.

Kí owó padà, kí tíṣà kan máa wà lẹ́yìn kíláàsì yẹn ní bíréèkì, kí wọ́n sì bi ọmọ yín léèrè níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lóṣooṣù títí táàmù á fi parí. Bí iléèwé bá ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, abala 11 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò fàyè gba kí wọ́n pa ọmọ lára tàbí kí wọ́n kó ìdààmú bá ọkàn rẹ̀.

Ìjókòó pọ̀ lè wáyé tó bá yá, bí ìwà yẹn bá ti dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́, tọ́mọ yín fúnra ẹ̀ sì lóun fẹ́ gbọ́ àforíjì. Ní Wẹ́sídeè yìí, ẹ tẹ̀ lé e lọ, kẹ́yin àti ẹ̀ nìkan wọlé bá olùdámọ̀ràn.