Èsì: Kí ló dé táwọn òṣìṣẹ́ mi kì í mú àbá tuntun wá?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kò sẹ́ni tó ń mú àbá wá ní bekárì yín n'Íléṣà. Ẹ má bínú o, ṣé ẹ máa ń bi wọ́n? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń pinnu gbogbo nǹkan, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun á kàn ṣe tiẹ̀ á gbowó ẹ̀ lọlé. Toyota ní Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1951 tóṣìṣẹ́ fi ń kọ àbá sílẹ̀ fáwọn ọ̀gá. Èyí tó wá le jù ni ìmọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́, ẹni tó mọ ìdí tí ààrò fi ń jó búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò ní sọ, ẹ̀rù ń bà á pé tẹ́lòmíì bá ti mọ̀ ọ́n wọ́n á lé òun. Ẹ fọkàn ẹ̀ balẹ̀ ná, kó kọ́ àwọn yòókù, kẹ́ ẹ sì yìn ín lójú gbogbo wọn. Àbá tẹ́ ò bá lò, ẹ ṣáà sọ ìdí ẹ̀ fún wọn.