Irú ọ̀pá àti ìwọ̀ wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pẹja ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ rà?

Ọ̀pá kan ṣoṣo ti tó. Ẹ ra èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, pẹ̀lú rííìlì (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ká okùn) tí wọ́n kọ 2500 tàbí 3000 sí lára. Okùn ọ̀rá tó lè gbé pọ́n-ùn 8 sí 10 ni kí ẹ ká sí i.

Ìwọ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Ẹnu ẹ̀pìà kéré, nọ́ńbà 8 ló bá a mu. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, àfi àwọn tí wọ́n kọ bíi 1/0. Fún ọ̀bọ̀kún, ẹ lo nọ́ńbà 2 tàbí 1. Ekòló ni ìjẹ tó rọrùn jù. Ẹ so òjé kékeré mọ́ okùn kó lè rì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó sórí ìjẹ oníke aláràbarà tí wọ́n ń polówó fún àwọn tó ń pẹja bass ní Amẹ́ríkà. Ẹja yẹn kò sí nínú ọ̀sà wa.

Ẹ mú ẹ̀mú dání o, torí ẹ̀gún ìhà ọ̀bọ̀kún mú bí abẹ. Tí ẹ bá sì lọ pẹja létí òkun Badagry, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan rííìlì kó má baà dípẹtà.