Kí ló ba Bijlmermeer jẹ́, báwo ni wọ́n sì ṣe tún un ṣe?
Ọdún 1968 làwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó dé àdúgbò ilé gíga yìí létí Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Owó ilé wọ́n, ọjà ò tó, rélùwéè ìgboro ò sì dé ibẹ̀ títí di 1977. Àwọn tó rówó yà kúrò, ọ̀pọ̀ ilé ṣófo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti ibùdó ìgbọ́kọ̀sí tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn di ibùba olè àti olóògùn olóró.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ọ̀pọ̀ ilé gíga náà, tí wọ́n ń kọ́ kéékèèké dípò wọn. Kleiburg, ọ̀kan lára àwọn ilé gíga náà tó ní 500 ibùgbé nínú, nìkan ni mo rí pé wọ́n fọgbọ́n ṣe jù: wọ́n tún ìta, ẹ̀rọ agbéniròkè àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe, wọ́n ta inú rẹ̀ ní ṣíṣófo, kí olùrà fúnra rẹ̀ ṣe ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Mies van der Rohe, ẹ̀bùn ilẹ̀ Yúróòpù fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ní 2017.