Kẹ́ ẹ tó fi bọ́ọ̀sì pop-top ṣe ilé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrìn. Ẹ ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n gbé fún yín á máa mú yín lọ mú yín bọ̀ láàárín Ẹ̀lẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀pẹ́ àti Ìtòíkìn, pé owó ilé tí wọ́n ń pè fún yín kò ṣe é san, àti pé ẹ ti rí Volkswagen tòkunbọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ń gbé sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní pop-top. Ẹ wá béèrè bóyá èèyàn lè fi irú rẹ̀ ṣe ibùgbé fún ọdún mélòó kan, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ra bọ́ọ̀sì lásán, kí wẹ́dà fi òrùlé gíga tí kì í kúrò lójú kan bo orí rẹ̀. Inú pop-top lèmi ń gbé láti ìgbà tí iṣẹ́ sọ́là ti gbé mi kúrò ní Ìkòròdú wá sápá ibí, òjò sì ti pa mí nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí òjò lè gbà pa èèyàn. Èsì mi ni pé ó ṣe é gbé, ó sì dùn ún gbé, ṣùgbọ́n aṣọ ló máa pinnu. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ibi ìdáná.

Aṣọ tí mò ń wí ni kánfáàsì tó yí abẹ́ òrùlé ká, tó máa ń nà jáde bẹ́ ẹ bá ti òrùlé sókè. Òun ni ògiri yàrá òkè yín. Àwọn Westfalia ní Jámánì, tí wọ́n ti ń sọ bọ́ọ̀sì Volkswagen di ọkọ̀ ìpàgọ́ láti ọdún 1951, ìrìn àjò ìsinmi ni wọ́n ní lọ́kàn: ẹbí á wakọ̀ lọ, wọ́n á sun ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà sílé, ọkọ̀ á sì lọ gbẹ níbi tí wọ́n ń gbé e sí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, òjò ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó ń le kankan ní oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń padà dé ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lọ́jọ́ tí òjò ò tilẹ̀ rọ̀, ìrì òwúrọ̀ nìkan tó láti mú aṣọ yẹn rin gbingbin.

Nígbà tí òrùlé bá wà lókè, kò séwu. Kánfáàsì tó dáa máa ń da omi nù. Àárọ̀ ni wàhálà wà, nígbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pa òrùlé dé kẹ́ ẹ lè tètè dé ibi iṣẹ́, tí aṣọ sì ṣì tutù. Ẹ máa pa á dé náà ni, kò sọ́gbọ́n míì. Ṣùgbọ́n aṣọ tútù tó wà ní kíká lábẹ́ òrùlé tí oòrùn ń pa, inú ibẹ̀ á gbóná, omi ò sì níbi tó máa gbà jáde. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, nǹkan dúdú wínníwínní á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú rírán, òórùn rẹ̀ á sì gba inú ọkọ̀ kan. Tó bá ti wọnú òwú, kò sí ọṣẹ tó ń yọ ọ́ tán. Nítorí náà, ohun tí mi ò fi ṣeré rárá ni pé bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́, kí n tó gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, mo ti ti òrùlé sókè, mo ti ṣí síìpù gbogbo fèrèsé rẹ̀. Oòrùn ìyálẹ̀ta á gbẹ ẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, màá fi aṣọ gbígbẹ nu ojú rírán láti inú, màá sì tan fáànù kékeré sí i.

Ẹ wo rọ́bà tó yí aṣọ náà ká láàárín dáadáa. Òun ló ń fa aṣọ sínú bí òrùlé ṣe ń wálẹ̀. Tó bá ti dẹ̀, aṣọ á yọ síta, òrùlé á fún un mọ́ etí ọkọ̀, ojú ibi tó fún un yẹn náà ló sì máa ń ya. Tèmi, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa òrùlé wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòsì ń ti aṣọ sínú láti igun kan dé èkejì, ilẹ̀kùn iwájú kan á sì wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ inú lè ráyè jáde. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tí òrùlé ń tẹ̀ ló máa fẹ́ aṣọ síta. Lẹ́yìn náà, mo máa ń yí ọkọ̀ po, mo ń fi ìka tẹ abẹ́ etí òrùlé yíká. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Bó bá dọ̀tí, omi, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da jíìkì sí i. Jíìkì ń bó ohun tí wọ́n fi kùn ún tí omi ò fi ń wọlé, ó sì ń jẹ òwú tí wọ́n fi rán an. Ojú rírán ló sì máa ń kọ́kọ́ jò, kì í ṣe àárín aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìjì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. Ní etíkun wa níbí, láti òkun, gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni atẹ́gùn ti sábà máa ń fẹ́ wá. Òrùlé pop-top máa ń ga lápá kan ju èkejì lọ; ẹni tó bá fẹ́ gbádùn atẹ́gùn yìí á kọjú ibi tó ti ga sí apá ibẹ̀, òótọ́ sì ni, á wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n ìjì tó ń ṣáájú òjò láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, láti ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀. Òrùlé tó bá wà lókè nígbà yẹn ti di ìgbòkun. Lásìkò yẹn, mo máa ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ kí ibi tí òrùlé ti kúrú kọjú sí ìlà oòrùn, kódà kí ooru mú mi díẹ̀. Bí atẹ́gùn òkun bá sì ṣàdéédé dákẹ́, tí ojú ọ̀run ṣú lápá ìlà oòrùn, ẹ má ṣe dúró wo bó ṣe máa rí. Ẹ pa òrùlé dé, kẹ́ ẹ sùn sí ìsàlẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ ẹnì kan tí ìjì yí irin tó gbé òrùlé rẹ̀ dúró láàárín òru, a ò sì rí irú irin bẹ́ẹ̀ rà ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó.

Ṣọ́ọ̀kì tó ń ti òrùlé sókè, ẹ máa rí ìyẹn rà. Ṣọ́ọ̀kì onígáàsì bíi ti búùtù ọkọ̀ ni. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí lẹ́tà N tẹ̀ lé, òun ni agbára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ ra méjèèjì pọ̀, ẹ má ra ẹyọ kan. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ sọ́là náà ni mò ń bẹ̀ yín, ẹ má kó pánẹ́ẹ̀lì onígíláàsì lé òrùlé yìí lórí. Ẹyọ pánẹ́ẹ̀lì 100 watt wúwo tó kílò méje sí mẹ́jọ. Ẹ to méjì, ṣọ́ọ̀kì á máa kọ̀, ẹ̀yin náà á sì máa fi ọrùn gbé òrùlé. Ilẹ̀ ni mo máa ń fi tèmi tì, síbi tí oòrùn wà, ọkọ̀ á wà lábẹ́ ibòòji, wáyà gígùn á so wọ́n pọ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 12.8 volt, 100 Ah, ní nǹkan bíi 1,280 watt-hour nínú. Fáànù tó ń jẹ 30 watt fún wákàtí mẹ́wàá, 300 péré ló máa lò. Ó ṣẹ́kù fún iná, fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Lóru, kò sí bọ́ọ̀sì onípáànù tó bá pop-top dọ́gba. Ooru inú ọkọ̀ máa ń gòkè, ó sì ń gba nẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn sókè á máa gbọ́ atẹ́gùn lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọn eré. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ nẹ́ẹ̀tì náà wò látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún télọ̀ kó pààrọ̀ ibi tó bá ti ya. Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ fóòmù tòkè, torí òógùn ara wa máa ń di omi lórí pákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sì máa gbé fóòmù náà dúró lójoojúmọ́ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Aṣọ yẹn kan náà tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, òun ló ń jẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, kì í ní òórùn, kì í sì í fi àwọ̀ hàn. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tiyín nìkan. Ti onílé tó wà lódìkejì ògiri náà ni. Kí n tó sùn níbikíbi, mo máa ń béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà àti aago tí wọ́n ń pa á. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa kúrò níbẹ̀. Gáàsì ìdáná ní tiẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí, nítorí náà ihò tó máa gbé e jáde gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ọkọ̀. Ìta ni mo máa ń dáná ní tèmi.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ má sùn sí ẹ̀bá títì. Ẹ wá àgbàlá onílé, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ san owó omi àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láì jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ìyá onílé tí mo ń gbé ọkọ̀ sí àgbàlá wọn ti di ìyá fún mi. Ẹja tútù láti ọjà Olúwo kì í wọ́n mi lọ́wọ́ wọn. Níwọ̀n bí ẹ sì ti ní ìyàwó yín á máa wá bá yín, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ Baálẹ̀ bóyá orò ń bọ̀. Ní Ìkòròdú àti láwọn ìlú Ìjẹ̀bú tó yí wa ká, tí wọ́n bá ti kéde orò, obìnrin ò gbọdọ̀ wà níta, kánfáàsì ò sì ṣe é pè ní ilé. Kí wọ́n wà ní yàrá gidi lọ́jọ́ yẹn, tàbí kí wọ́n má wá.

Ní ti wẹ́dà, mi ò gbà á. Irin tó dábùú òrùlé bọ́ọ̀sì ló ń di ara ọkọ̀ mú. Àwọn tó ń ṣe pop-top gidi, bí wọ́n bá ti gé irin yẹn, wọ́n máa ń fi férémù irin rọ́pò rẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù polyurethane, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì iwájú ọkọ̀, dè é mọ́lẹ̀. Mo mọ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n gé lórí níbí láìfi férémù sí i: tó bá ti dúró síbi tó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe é tì mọ́. Tó bá jẹ́ pé ojú kan lẹ máa wà fún oṣù púpọ̀, ẹ ra bọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ ti ṣe òrùlé rẹ̀ ga látìbẹ̀rẹ̀, bíi Sprinter ti Mercedes tàbí Transit ti Ford tó jẹ́ olórùlé gíga. Kò ní aṣọ, kò ní wàhálà aṣọ. Ṣùgbọ́n ó ju mítà méjì ààbọ̀ lọ, ẹ ò sì ní lè gba abẹ́ irin tí wọ́n dábùú ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, pop-top ló bá yín mu.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo sítíárì. Ọ̀pọ̀ pop-top tó dáa láti Ìlú Ọba wá, apá ọ̀tún sì ni sítíárì wọn wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò nínú ìyẹn. Volkswagen EuroVan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà títí di 2003, apá òsì ni sítíárì rẹ̀ wà, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ fáíbà, kì í dógùn-ún. Tó bá jẹ́ Volkswagen California tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni, alumíníọ́ọ̀mù ni òrùlé ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ etí rẹ̀ kiri, bí ọ̀dà bá ti wú, ó ti ń jẹra nísàlẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fa rọ́bà omi wá. Ẹ pa òrùlé dé, kẹ́nì kan da omi sí i lórí, kí ẹ̀yin wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa tọ ojú ibi tí wọ́n ti gé e yíká. Ẹ tún ti òrùlé sókè, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún aṣọ. Ibi tó bá ti jò, tẹ́ ẹ sì rí i pé sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n ti fi pa á tẹ́lẹ̀, ẹ dín owó kù gan-an, torí ọ̀dà kì í mú lórí sílíkọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù míì náà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ máa ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí ẹni tó ń tà á ò bá gbà kẹ́ ẹ da omi sí i, ẹ má rà á.