Bẹ́kírì Ẹ̀yìn Ògiri Tí Wọn Ò Sọ fún Wa Ká Tó Ra Ilé

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Owó tí ọkọ mi yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn àti èsúsú mi la pa pọ̀ tá a fi ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìpàjà. Gbogbo ìgbà tí àjẹ́ńtì ń mú wa lọ wò ó, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo bi í bóyá ariwo wà ládùúgbò, ó fèsì lórí WhatsApp pé, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ilé ọtí nítòsí." Alẹ́ ọjọ́ Ajé tá a kó dé la tó mọ̀ pé bẹ́kírì ló wà lẹ́yìn ògiri wa. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po fùláwà á bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀, ó di ìdájí. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á máa gbọ̀n. Igi ni wọ́n fi ń dáná, tí mo bá sá aṣọ ilé ìwé àwọn ìbejì mọ́jú, eérú ni mò ń gbọ̀n kúrò lára ẹ̀ láàárọ̀. Mo ráhùn fún ìyá tó ń ta ata lójúde wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tó lé Alàgbà tó ta ilé fún yín lọ nìyẹn." Ọkọ mi ní ká pe Alàgbà lẹ́jọ́. Ó ní tí ìyẹn ò bá bọ́ sí i, ká kun ilé, ká mú oníbàárà wá lọ́jọ́ Àìkú bí wọ́n ṣe mú àwa náà wá. Ara mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà o.

Ọmọ aráyé mà gbọ́n! Ẹ bi àjẹ́ńtì ní ìbéèrè kan, ó ka gbogbo ohun tí kò sí fún yín, ó fo ọ̀kan ṣoṣo tó wà. Ẹ má sì rò pé èèṣì ni ọjọ́ Àìkú tó ń yàn. Inú ń bí èmi náà bí mo ṣe ń ka lẹ́tà yín. Àmọ́ ẹni tí ìbínú yín dojú kọ kọ́ ló lè fún yín lóorun. Ká ní ẹ pe Alàgbà lẹ́jọ́ lọ́la, inú ilé yẹn náà lẹ ó ti máa múra kọ́ọ̀tù, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ẹni tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóṣù yìí ń bẹ lẹ́yìn ògiri. Mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ̀yin àti oníbẹ́kírì tiẹ̀ ti kíra rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ Alàgbà ná. Òfin ilé rírà tá a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàánú ẹni tó ń rà: ojú ẹ ni kó là. Ẹni tó ń ta ilé lè panu mọ́ nípa aládùúgbò, kó má sì jẹ̀bi. Ibi tó ti ń jẹ̀bi ni pé wọ́n bi í léèrè, ó purọ́, irọ́ náà ló sì mú kí oníbàárà sanwó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn fi ṣe pàtàkì, torí òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì lè di irọ́ lójú adájọ́. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà rí i. Ohun tí ìyẹn máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá Alàgbà ló rán àjẹ́ńtì lọ́rọ̀ tó sọ, tàbí ó dá a sọ ni. Tó bá ṣe àjẹ́ńtì gan-an lẹ fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àjọ LASRERA ni ìjọba Èkó yàn láti máa mójú tó àwọn tó ń ta ilé àti ilẹ̀. Ìwé kan péré lẹ máa kọ. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ná.

Ó wá ku oníbẹ́kírì. Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀: "Èmi ni mo kọ́kọ́ débí." Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ kò parí nǹkan kan. Nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní London lọ́dún 1879, ọkùnrin kan tó ń ṣe súwíìtì ti ń gún nǹkan lódó nínú ilé ìdáná rẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún kí dókítà tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó kọ́ yàrá tó ti ń yẹ aláìsàn wò sítòsí ògiri yẹn. Ariwo odó ò jẹ́ kí dókítà gbọ́ ìmí aláìsàn mọ́. Dókítà ló dé kẹ́yìn, òun náà ni adájọ́ sì dá láre. Àwọn lọ́yà wa ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn títí dòní. Ní Èkó níbí pàápàá, àwọn onílé ní Ire-Akari Estate, ní Ìsọlọ̀, gbé ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan lọ sí kọ́ọ̀tù torí ariwo tírélà àti eruku. Ẹjọ́ yẹn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ní 1991 pé aráàlú tí ariwo ń pa lára lè fúnra ẹ̀ pẹjọ́, kò dìgbà tí ìjọba bá bá a pè é.

Kì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè máa rọ òfin lé e lórí ni mo ṣe sọ ìyẹn o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí ohùn yín lè rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yín.

Ẹ má ní kó kógbá sílé. Búrẹ́dì ò lè ṣe kó má jẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n gbọ́dọ̀ pò ó, kó wú, kó jinná, kó sì dé orí igbá àwọn tó ń kiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ béèrè ohun tó lè ṣe. Ife tẹ́ ẹ ní ó ń gbọ̀n yẹn ti sọ nǹkan kan fún mi. Ilẹ̀ tàbí ògiri ni ìgbọ̀n yẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yẹn ti sún mọ́ ògiri yín jù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sún un síwájú, kó sì fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó yé gúnlẹ̀ sórí kọnkéré lásán. Jẹnẹrétọ̀ lè lọ sí ìhà títì, kí wọ́n kọ́ ilé kékeré lé e, kí sàlẹ́ńsà tó ti já sì di tuntun. Ihò èéfín ààrò ní láti ga kọjá òrùlé yín. Tí apá ẹ̀ bá ká ààrò onígáàsì, ìyẹn ló dáa jù. Ẹ má fojú kékeré wo èéfín igi yẹn, torí àyà àwọn ọmọ ń fà á sínú lóru mọ́jú. Owó rọ́bà àti sàlẹ́ńsà kò pọ̀. Tí ẹ̀yin náà bá ní ẹ fẹ́ gbé díẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní pè yín lọ́mùgọ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ máa kọ aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó dákẹ́, kẹ́ ẹ sì ya fídíò àwọn ife yẹn bí wọ́n ṣe ń jó. Ohun tí LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó àyíká, fàyè gbà níbi tí èèyàn ń gbé ni 55 desíbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, lọ́sàn-án àti 45 lóru. Ohùn èèyàn méjì tó jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán ń lọ sí 60, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo iye tí jẹnẹrétọ̀ yẹn jẹ́. Ètò tó ń wọn ariwo wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Kò dà bí irinṣẹ́ ìjọba, àmọ́ ó tó gbé dé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Tí oníbẹ́kírì bá kọ̀ jálẹ̀, tí alága àdúgbò bá dá sí i tí kò yanjú, ẹ gba CMC lọ. Ibùdó ìlàjà ìjọba Èkó ni, láti 1999 ló ti wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. LASEPA ló kẹ́yìn, torí àwọn yẹn lè ti ìlẹ̀kùn pa, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń jẹun níbẹ̀ kò sì ṣẹ̀ yín.

Ẹ wá bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé ọ̀rọ̀ oníbàárà ọjọ́ Àìkú yẹn, rárá o. Ẹ mọ bó ṣe rí lára yín nígbà tí ìyá aláta rẹ́rìn-ín. Bákan náà, kò bọ́gbọ́n mu: ẹni tó bá fẹ́ ra ilé yẹn máa béèrè, ẹ̀yin ni irọ́ á wà nínú WhatsApp yín nígbà yẹn, pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ ti kọ nípa ariwo náà. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ tà á, ẹ tà á ní gbangba. Ẹni tẹ́ ẹ sì máa kọ́kọ́ fi lọ̀ ni oníbẹ́kírì fúnra ẹ̀. Ó nílò ibi tó máa kó fùláwà sí, ó nílò yàrá fáwọn ọmọ iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ẹ̀ kò sì ní dí òun lọ́wọ́.

Ẹ lọ bá a ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má lọ láàárọ̀ o, oorun ló máa ń sùn nígbà yẹn.